Kẹ̀kẹ́ Ọkọ Mi ní Ìlú Olókè

Ọmọ Ẹdẹ ni ọkọ mi. Iṣẹ́ télọ̀ ló gbé e wá sí Òkè-Ìmẹ̀sí nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó sì gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sórí mọ́tò wá. Ilẹ̀ ìlú tiwọn tẹ́jú. Kẹ̀kẹ́ ni bàbá rẹ̀ ń gùn lọ sóko. Lọ́dọ̀ tiwa, òkè ló yí wa ká. Àwọn tíṣà tó ra kẹ̀kẹ́ ti gbé e ti ògiri, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn.

Ọkọ mi kò gbà. Tó bá ń gbé aṣọ tó rán lọ sí Ẹ̀fọ̀n, títì ló ń ti kẹ̀kẹ́ náà gòkè, òógùn á bò ó.

Ìyá mi bá a sọ ọ́. "Ọmọ mi, òkè yìí kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́. Máa wọ mọ́tò."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má mikàn, màmá. Tí n bá ti gòkè tán, ilẹ̀ ló ń gbé mi bọ̀ wálé."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń fọ ẹ̀gẹ́ nídìí odò nísàlẹ̀ òkè, mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ yà! Ẹ yà o!" Wáyà bíréèkì ti já. Àwọn obìnrin tó ru igi ìdáná kún ojú ọ̀nà, ẹrù orí wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n lè tètè yà. Mo rí i tó yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn, tó sì forí lé àárín àpáta.

Nígbà tí mo débẹ̀, eegun itan rẹ̀ ti yọ síta.

"Ṣé n kò gbá ìkankan nínú wọn?"

Mo ní, "Rárá. Ẹ dákẹ́, ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́."

Ó pẹ́ kí a tó rí mọ́tò. Ní ọsibítù, wọ́n to eegun náà, ṣùgbọ́n egbò rẹ̀ kò jinná. Ẹsẹ̀ ni télọ̀ fi ń wa máṣíìnì, iṣẹ́ bọ́. Ilé wa wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí náà kò lè jáde mọ́. Ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí látàárọ̀, tí yóò máa wo àwọn tó ń gòkè.

Ó sọ fún mi pé, "Jẹ́ kí n lọ sílé. Níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú, màá lè fi ọ̀pá rìn."

Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá gbé e. Oyún inú mi ti wúwo, n kò lè bá wọn lọ. Kí n tó bímọ, kí ara mi tó le, wọ́n ti sin ín. Wọn kò ránṣẹ́ sí mi, nítorí ọmọ inú. Ojú oórì rẹ̀ ni wọ́n mú mi lọ, èmi àti ọmọkùnrin tí kò rí i rí.