Ohun Tí Ìyá Má-kàn-mí Kò Lè Fẹnu Sọ

Láti kékeré ni nǹkan ti máa ń rí obìnrin yìí lára. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ẹnu kan ife omi rẹ̀, ó parí nìyẹn, ife ti di ti onítọ̀hún. Bí irun kan bá já sínú ọbẹ̀, kò ní jẹun mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Àwọn àbúrò rẹ̀ a máa mọ̀ọ́mọ̀ sín sí i lára kí wọ́n lè rí i bó ṣe máa sá jáde bí ẹni tí oyin ń lé. Ìyá rẹ̀ a sì máa wí pé, “Ìwọ ọmọ yìí, bí o bá lọ́kọ lọ́la, ṣé inú ike lo máa gbé e sí ni?” Má-kàn-mí ni wọ́n sọ ọ́ nílé. Orúkọ náà tẹ̀ lé e dé ilé ọkọ, ó tẹ̀ lé e dé ibi iṣẹ́, nígbà tó sì bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, ó di Ìyá Má-kàn-mí.

Ayé a máa fi ọmọ aráyé ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà lábẹ́ ọ̀run, fífọ ilé adìẹ ní pọ́tírì kan, ọgbà ńlá tí wọ́n ti ń sin adìẹ, ló rí ṣe. Pọ́tírì náà ní yàrá gígùn mélòó kan tí wọ́n fi páànù bò, adìẹ kún inú wọn fọ́fọ́. Òórùn ìgbẹ́ wọn kì í ṣe èyí tí imú nìkan ń gbọ́, ó ń ta ojú bí ata, ó sì ń há sí ọ̀fun. Ìyẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹyin fífọ́ gan mọ́ ilẹ̀ bí àtè, bí èèyàn bá sì gbé ike omi àwọn adìẹ kúrò, ìdin á máa yí gbirigbiri lábẹ́ rẹ̀. Ìyá Má-kàn-mí a wọ ìbọ̀wọ́ méjì léra, a di imú, a di ẹnu, a wọ bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún. Bó bá ṣíwọ́, a fi ọṣẹ bó ọwọ́ rẹ̀ títí awọ á fi fẹ́ẹ̀ máa ṣí.

“Ìyá Má-kàn-mí,” àwọn tó ń kó ẹyin á ké sí i, “adìẹ ní ká kí yín o!”

“Kó kọ́kọ́ lọ nu ìdí rẹ̀ ná,” lòun náà á dá wọn lóhùn.

Ọkọ rẹ̀ ni olórí àwọn tó ń tọ́jú adìẹ níbẹ̀. Gbadìẹlà ni wọ́n ń pè é, nítorí adìẹ tí gbogbo èèyàn ti rò pé ó kú tán, tí ọrùn rẹ̀ ti wọ́, tó ń mí hòò-hòò bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, Gbadìẹlà a gbé e lọ sẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kó oúnjẹ adìẹ sí. Kò ní pẹ́, adìẹ náà á máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn bọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ní oògùn ló ń lò, wọ́n ní bàbá rẹ̀ ló fi hàn án. Òótọ́ ni pé bàbá rẹ̀ ló fi hàn án, àmọ́ kì í ṣe oògùn. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe lẹ́yìn ilé yẹn.

Ṣe ni yóò ki adìẹ náà mọ́ àárín itan, yóò ki àgógó adìẹ bọ ẹnu òun fúnra rẹ̀, yóò sì fa ikun inú ihò imú adìẹ náà pẹ̀lú agbára, fààà, bí ẹni ń fa mùdùnmúdùn inú egungun. Yóò tu ikun náà sílẹ̀, yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, yóò sì rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ ká a mọ́ ọn, kò tíì pẹ́ tí wọ́n fẹ́ra wọn. Ó bì títí kò fi sí ohun tó kù nínú rẹ̀. Ó di ẹrù rẹ̀, ó tú u, ó tún un dì. Nígbẹ̀yìn ó jókòó, ó ka òfin fún ọkọ: ife tiyín lọ́tọ̀, ṣíbí tiyín lọ́tọ̀, aṣọ ìnura tiyín lọ́tọ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ wọlé láìfi omi iyọ̀ yọ ẹnu. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ láéláé.

“Ta ni yóò tún jẹun nílé mi bí wọ́n bá mọ̀?” ló wí.

Ọkọ gbà. Ọ̀rọ̀ náà sì wà láàárín àwọn méjèèjì láti ìgbà náà, bí òkú ẹran tí wọ́n gbé aṣọ bò.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ náà máa hú jáde, afẹ́fẹ́ líle kan ṣí ìdérí táǹkì omi pọ́tírì. Adágún kan wà lẹ́yìn ọgbà, àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ a máa sinmi níbẹ̀. Wọ́n rí omi tó mọ́ lókè, wọ́n bà sí i, wọ́n wẹ̀, wọ́n sì yàgbẹ́ sínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gun òkè lọ wò ó. Omi náà ni àwọn adìẹ mu.

Nígbà tí Ìyá Má-kàn-mí ṣílẹ̀kùn yàrá àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rò pé ẹnìkan ti da àkísà kún ilẹ̀ ni. Òkú adìẹ ni. Àwọn tí kò tíì kú dúró gbagidi, ogbe orí wọn ti dúdú bí ẹ̀dọ̀, ojú wọn wú débi pé kò ṣí mọ́, ìgbẹ́ wọn tú bí omi ewéko tó ti kan. Ikun tó pọ́n ń ṣe fókíí-fókíí ní ihò imú wọn. Ó rọra fi ẹ̀yìn rìn jáde, ó sì gbá ògiri mú.

Ìgbà tó máa wá ọkọ rẹ̀ lọ, ó bá a lẹ́yìn ilé oúnjẹ. Àgógó adìẹ kan wà lẹ́nu rẹ̀. Ó tutọ́, itọ́ náà pupa.

“Bàbá ọmọ mi! Ṣé orí yín pé báyìí?”

“Èyí tó ń yé ẹyin jù ni, ìyàwó. Mi ò lè máa wò ó kó kú.”

“Ẹ̀jẹ̀ ló wà lágbọ̀n yín yẹn!”

“Ti adìẹ ni.”

“Ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ? Ti adìẹ ni, ó sì wà lẹ́nu yín!”

Adìẹ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó parí ọ̀rọ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, dókítà ẹran ti dé, ọ̀dọ́bìnrin kan tó fi aṣọ funfun bo ara láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ dúró síta, ó sì là á yé wọn láìkánjú.

“Fáírọ́ọ̀sì ló ń pa wọ́n. Ó kéré débi pé ojú kò lè rí i. Kò ní ẹnu, kò ní ikùn, kò lè dá nǹkan kan ṣe fúnra rẹ̀. Bó bá wà lórí pákó, kò yàtọ̀ sí eruku. Àmọ́ bó bá wọ ara ohun abẹ̀mí, á lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹ̀yà wínníwínní tí wọ́n fi mọ ara wa. Sẹ́ẹ̀lì á ṣílẹ̀kùn fún un, á rò pé àlejò gidi ni. Bó bá ti wọlé, ó di pé onílé ń sin àlejò. Sẹ́ẹ̀lì kò ní ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀ mọ́, fáírọ́ọ̀sì tuntun ni yóò máa rọ, títí yóò fi kún, tí yóò kú, tí àwọn tó rọ yóò tú síta lọ wọ ilé tó kù.”

Ara Ìyá Má-kàn-mí bù máṣọ. Ó ti mọ̀ pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ rí pé ẹ̀fọ́ fúnra rẹ̀ ló máa ń bá kòkòrò bímọ.

“Ṣé ó ń mú èèyàn?” ẹnìkan béèrè.

“Kì í tètè mú èèyàn. Ilẹ̀kùn tó bá irú èyí mu, ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ló pọ̀ sí nínú ara wa, kì í rọrùn fún un láti débẹ̀. Àmọ́ bí èyí tó wọlé bá pọ̀, ó lè débẹ̀, ewu ńlá sì ni. Oògùn rẹ̀ wà, ó kàn ń fẹ́ kí wọ́n tètè lò ó. Nítorí náà, ta ni omi ara adìẹ kàn lójú, nímú tàbí lẹ́nu?”

Gbadìẹlà ń wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó. Ẹnìkan láàárín àwọn tó ń kó ẹyin tọ́ka sí obìnrin náà: “Ẹ má yọ ìyá yìí lẹ́nu o, dókítà, kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ gan-an fara kàn án!” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ló gbé ìbéèrè lọ. Wọ́n pa adìẹ tó kù, wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n da ẹfun lé wọn lórí, wọ́n sì ti ọgbà pa.

Nígbà tó yá, ara Gbadìẹlà gbóná. Ó ní otútù lásán ni. Lẹ́yìn náà ikọ́ bẹ̀rẹ̀, ikọ́ tó ń ti ìsàlẹ̀ pátápátá wá. Nígbà tí èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún hòò-hòò gẹ́gẹ́ bíi ti àwọn adìẹ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Dókítà ibẹ̀, ọkùnrin kan tó ń wọ awò ojú, béèrè pé, “Iṣẹ́ wo ni bàbá ń ṣe, ìyá?”

Ọ̀rọ̀ náà dé ahọ́n rẹ̀. Àmọ́ bó bá fi lè dárúkọ adìẹ, ìbéèrè kan péré ló kù kí wọ́n dé orí ikun. Ó rí i lọ́kàn bí dókítà yóò ṣe yínmú, bí àwọn nọ́ọ̀sì yóò ṣe máa sọ ọ́ létí ara wọn, bí àdúgbò yóò ṣe máa fi ìka tọ́ka sí i: ìyàwó ẹni tó ń mu ikun adìẹ nìyẹn. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

“Ó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù,” ló wí.

Wọ́n fún ọkùnrin náà ní oògùn òtútù àyà, èyí tó ń pa kòkòrò irú mìíràn. Fáírọ́ọ̀sì kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń bá òun wí. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ń ki sí i, ó ń hó bí ọṣẹ, ó sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àga tó jìnnà sí ibùsùn, ó yíjú sí fèrèsé. Àwọ̀ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yẹn, ó ti rí i rí, lẹ́yìn ilé oúnjẹ.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ọmọ wọn wọlé. Oyún ti hàn lára rẹ̀ dáadáa. Ó rí bàbá rẹ̀ tó ń pọ̀ọ̀kà pẹ̀lú èémí, kò béèrè ohunkóhun. Ó já ìborùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fẹ́ fi nu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ń ṣàn lágbọ̀n bàbá náà. Ojú rẹ̀ sún mọ́ ojú bàbá débi pé ọ̀kan ń mí èémí èkejì.

“Má fọwọ́ kàn án!”

Igbe náà dún tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláìsàn ibùsùn kejì fi dìde jókòó. Ìyá Má-kàn-mí ti fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé òun ti dìde.

“Màmá, kí ló dé? Ẹ jọ̀ọ́, ìríra yín ọ̀hún tún dé báyìí? Bàbá mi ni o!”

“Mo ní má kàn án. Ẹ bá mi pe dókítà!”

Dókítà sáré dé. Obìnrin náà gbá etí tábìlì mú.

“Irọ́ ni mo pa. Kò ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù rí. Pọ́tírì tí wọ́n tì yẹn ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń… ó ń fi ẹnu fa ikun.”

“Ikun wo?”

“Ikun imú.”

“Imú ta ni, ìyá?”

“Ti adìẹ.”

“Pẹ̀lú ẹnu ta ni?”

“Dókítà, ẹ má jẹ́ kí n tún un sọ, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹnu ọkọ mi! Ẹnu ọkọ mi ni!”

Dókítà fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Ó yínmú lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí obìnrin náà ṣe rí i lọ́kàn. Ọmọ rẹ̀ da ọwọ́ bo ẹnu, ó wo bàbá rẹ̀ tó di ojú pinpin. Ìtìjú tí obìnrin náà ti ń sá fún látọjọ́ yìí dé, ó kún yàrá, kò sì pa á.

“Ká ní ẹ ti sọ ọ́ lánàá,” ni dókítà wí, ohùn rẹ̀ le. Kò dúró gbọ́ èsì. Wọ́n gbé Gbadìẹlà lọ sí yàrá tí kò sí ẹlòmíràn, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń dènà fáírọ́ọ̀sì kó má lè tú jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì kan lọ sí òmíràn. Wọ́n fún ọmọ àti ìyá ní tiwọn.

Àwọn nọ́ọ̀sì kò tó nǹkan, yàrá náà sì ń bà wọ́n lẹ́rù. Ìyá Má-kàn-mí ní kí wọ́n fún òun ní aṣọ, ìbọ̀wọ́, ìbomú àti awò ojú. Òun ló ń nu kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òun ló ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn tó ti rin. Kò sí ìgbà kan tí ìríra náà dín kù. Bó bá nu ún tán, á jáde, á bọ́ gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, á bì sínú ike, á bó ọwọ́ rẹ̀, á tún padà wọlé. Díẹ̀ ló kù kí ọkùnrin náà kú. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ yè é ní apá kan. Apá kejì ti le bí awọ bàtà. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ìyàwó, o ti sọ fún wọn.”

“Mo ti sọ.”

“Ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín?”

“Wọ́n bì.”

Ilé ni Gbadìẹlà ń jókòó báyìí. Bó bá rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́dọ̀ sinmi kó tó rìn padà. Láìpẹ́ yìí, àgbàlagbà kan ládùúgbò gbé adìẹ kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ikun ti dí i nímú. “Ẹ gbà mí o, Gbadìẹlà, ẹ fún un ní oògùn yẹn.”

Gbadìẹlà wo adìẹ náà. Ó na ọwọ́ sí i. Ìyá Má-kàn-mí ti dìde lórí àpótí, ó sì ṣàlàyé fún àgbàlagbà náà ohun tí oògùn náà jẹ́, láti àgógó dé ẹnu, kò fi ẹyọ kan pamọ́. Ojú ọkùnrin náà yí padà. Ó gbé adìẹ rẹ̀ jìnnà sí àyà bí ẹni gbé ìkòkò tó gbóná.

“Bẹ́ẹ̀ ẹ sì ń wò ó!”

“Mo wò ó. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ ná.”

Ó gbé ọṣẹ wá, ó fi igbá ọlọ́wọ́ gígùn bu omi, ó sì ń dà á sí i lọ́wọ́ láti òkèèrè. Ẹ̀rín pa Gbadìẹlà títí ó fi di ikọ́. Ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó bu omi wá fún un, nínú ife ọkọ tó wà lọ́tọ̀.