Igi Ẹ̀gẹ́ Tí Mo Gé Fún Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Akínyẹlé, ẹ̀yin àbúrò mi, kí n tó fi ìwé sílẹ̀, tàbí kí n kúkú sọ òótọ́, kí ìwé tó fi mí sílẹ̀, ìyá àgbà rán mi pé kí n lọ gé igi ẹ̀gẹ́ tí a máa gbìn sóko tuntun. Gààrí tí a máa jẹ lọ́dún tó ń bọ̀, oko yẹn là ń wò.

Èmi ọ̀lẹ wo àwọn igi tó sanra, wọ́n ti wúwo jù lójú mi. Mo bá gé àwọn tín-ín-rín tí ewé wọn kákò, tó ní àwọ̀ yẹ́lò tótòtó bí àǹkárá. Wọ́n tiẹ̀ tún wù mí.

Nígbà tí oko hù, gbogbo ẹ̀ ló wọ àǹkárá. Ìyá àgbà káwọ́ lérí.

"Ta ló gé igi yìí?"

Mo ní ewúrẹ́ ni.

"Ewúrẹ́ ló mú àdá?"

Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá àdúgbò wa kan tó fẹ̀yìn tì níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí irúgbìn. Bàbá já ewé kan, wọ́n ń mi orí bí ẹni tó rí ọ̀gá.

"Fáírọ́ọ̀sì nìyí, Màmá, ohun kékeré tó ń fa àrùn. Inú igi tí ẹ gbìn ló ti wà. Kò ní ẹ̀rọ kankan. Ìwé pélébé kan ló gbé wọlé, bí wọ́n ṣe ń ṣe òun ló wà nínú ẹ̀. Inú ewé ní yàrá kéékèèké tójú ò lè rí, wọ́n sì ní ẹ̀rọ tó ń ka ìwé onílé, ìyẹn ẹ̀gẹ́ fúnra ẹ̀, tó ń ṣe ohun tó bá sọ. Fáírọ́ọ̀sì á ki tiẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀rọ ò mọ̀yàtọ̀. Á kà á, á máa rán ẹ̀wù fún un, á máa fi epo onílé da ìwé ẹ̀ kọ, títí iṣẹ́ onílé á fi dẹ́yìn."

"Ẹ̀rọ onílé, epo onílé? Irú àlejò wo nìyẹn!"

Ẹnu yà mí. Ohun tí ò lórí, ìwé kan ṣoṣo ló mú wá, gbogbo ilé ń kà á. Èmi gbé odidi báàgì ìwé fọ́dún mẹ́sàn-án, èmi tí mo gbé e gan-an ò kà á.

Òjò ṣì kù nílẹ̀, a bá fa gbogbo ẹ̀ tu, a jó o. Bàbá fún wa ní igi tó mọ́ látẹ̀yìnkùlé wọn. Kò kárí oko, ṣùgbọ́n a rí gààrí jẹ, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́.

Lónìí, fóònù lẹ̀yin fi ń ya fọ́tò ewé, ẹ ó sì ti mọ̀ bóyá ó lárùn kẹ́ ẹ tó délé. Èmi ń gun ọ̀kadà ní Ṣáṣá. Tí àsìkò àtigbìn bá tó, ìyá àgbà ṣì máa ń pè mí, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan àdá. Ẹrù igi nìkan ni wọ́n ń dì fún mi. Èyí tó wúwo jù ni mo máa ń gbé.