Àdúrà Màámi Lórí Àwo Mẹ́fà

Àwa mẹ́ta la wà ní lábù kékeré kan ní Sùúrùlérè nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá wa lọ sí òkè òkun fún ọdún kan, ọdún kan náà ò sì tíì parí títí dòní. Ẹnì kejì mi ríṣẹ́ ní Sáúdì, ó ní òun máa kọ lẹ́tà. Kò kọ. Èmi nìkan ló kù, pẹ̀lú ìgò kan ṣoṣo tí ọ̀gá fi sílẹ̀ nínú fìríìjì: omi tí wọ́n sẹ́ lára ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù, tí a fi ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì.

Iṣẹ́ ọ̀hún rọrùn láti fẹnu sọ. Nínú mùdùnmúdùn eegun ẹni tó ti dàgbà, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí kò tíì yan iṣẹ́ láàyò. Tí o bá bọ́ wọn dáadáa, tí o fi oògùn díẹ̀ àti fítámìn C sí oúnjẹ wọn, wọ́n lè di sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ eegun. Ohun tí à ń lé ni pé lọ́jọ́ kan, ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ́ tó kọ̀ tí kò jinná, a ó mú sẹ́ẹ̀lì lára òun fúnra rẹ̀, a ó sọ ọ́ di eegun, a ó sì dá a padà fún un. Ehoro la fi ń dán an wò. Mo yọ mùdùnmúdùn itan ehoro kan, mo pín in sínú àwo pẹlẹbẹ mẹ́fà. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n nílò. Ìgò yẹn ò lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Bí àwọn mẹ́fà yìí bá bàjẹ́, ó parí nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ni mò ń bọ́ wọn, Sọ́ńdè ò yàtọ̀. Ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó tí mo háyà yàrá sí, àwọn ará ilé rò pé olólùfẹ́ ni mò ń lọ bá, nítorí mo ń jáde láàárọ̀ Sọ́ńdè láì wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ì bá dáa bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ehoro ni mò ń lọ kí. Mo sì máa ń kí wọn lóòótọ́: “Ẹ káàárọ̀ o, ṣé ẹ jí dáadáa?” Lọ́sẹ̀ mìíràn, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ ju ìyẹn lọ. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́.

Lọ́jọ́ kejìdínlógún, Màámi dé láti Ìjẹ̀bú láìsọ tẹ́lẹ̀. Àwọn ará ilé ló júwe ọ̀nà ibi iṣẹ́ mi fún wọn. Orógbó wà lẹ́nu wọn nítorí ikọ́, ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn nítorí itan wọn tó ṣẹ́ tí kò jinná dáadáa.

“Ṣé ibí ni ò jẹ́ kó o wálé ọdún Kérésì?”

Mo gbé àwo kan sábẹ́ maikirosíkóòpù, mo ní kí wọ́n wò ó. Wọ́n wò ó pẹ́.

“Ẹ wo ibi tó dúdú yẹn, Màámi. Ibẹ̀ ló ti ń fẹ́ di eegun.”

“Èyí tó lè wọ itan mi?”

“Ti ehoro lèyí, Màámi. Ṣùgbọ́n tó bá yọrí, ó lè kan tiyín lọ́jọ́ kan.”

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo yàrá náà yí ká. “Ìwọ nìkan lò ń ṣe gbogbo èyí? Ó yá, jẹ́ kí n súre fún wọn.”

“Ẹ máa súre, Màámi.”

“Pẹ̀lú ọmọrí lórí? Ta ní ń súre fọ́mọ tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn? Ṣí i.”

Mo ṣí i. Ìyá kì í sì í súre fún ọmọ kan kó fo èkejì, torí náà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni mo ṣí, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Wọ́n tẹrí ba sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: “Ẹ ó dàgbà. Ẹ ó le. Ẹ ò ní dójú ti ọmọ mi.” Lẹ́yìn àdúrà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fẹ́ ẹ, fúù, bí àwọn àgbà wa ṣe ń ṣe, itọ́ orógbó á sì ta sínú àwo. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ṣe àmín.

Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí omi oúnjẹ wọn, tó máa ń pọ́n bíi sóbò tí a bu omi là, fi rú, tó di àwọ̀ ìyeyè. Lọ́jọ́ kẹta gbogbo wọn ti bu, nǹkan funfun bí òwú bo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo dà wọ́n nù, mo fọ àwo, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún.

Nígbà tí mo délé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mi ò tíì kúnlẹ̀ tán tí Màámi fi béèrè pé, “Àwọn ọmọ wa ńkọ́?”

Mo ní, “Wọ́n ti di eegun, Màámi.”

Inú wọn dùn dénú. Gbogbo àdúgbò ni wọ́n ròyìn rẹ̀ fún títí wọ́n fi kú, tí ọ̀pá ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fún ara mi pé ọ̀wọ̀ àgbà ló fà á, pé ọmọ ò lè kọ̀ fún ìyá. Irọ́ ni. Ọkọ mẹ́ta ni Màámi wá fún mi tí mo kọ̀ lójú wọn. Mo sì mọ ohun tí èémí ń ṣe sí àwo tó ṣí sílẹ̀, iṣẹ́ mi ni. Nígbà tí wọ́n súre sí ìkẹta tán, mo lè sọ pé ó ti tó, ká sì rí mẹ́ta gbà là. Ṣùgbọ́n mo rí i pé tí àwo bá ti tán, wọ́n á gbé ọ̀pá wọn, wọ́n á máa lọ, á sì tún ku èmi nìkan. Mo ṣí ìkẹrin.