Ọjọ́ Tí Ẹṣin Ọ̀yọ́ Pàdé Ẹṣin Bàrùbá ní Goro

Òórùn òrí tó ń hó lórí iná ló máa ń kọ́kọ́ dé sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí ọjọ́ náà, òórùn òrí àti ti ìtọ̀ ẹṣin. Ìyàwó ilé ni mí nígbà náà ní agboolé baálẹ̀ wa ní Goro. Bàrùbá ni ìyá tó bí mi, ará Ṣábẹ̀ tó ń sọ Yorùbá ni bàbá mi, nítorí náà èdè méjèèjì dùn lẹ́nu mi, èmi ni wọ́n sì máa ń pè bí àlejò bá dé. Ìwọ náà mọ bí ayé ṣe rí nígbà yẹn. Ọ̀yọ́ ń gbilẹ̀ bí iná ọ̀dàn. Bí ọdún bá ti yí, a ó tún gbọ́ pé ìlú kan ti túúbá fún un. Ṣùgbọ́n láti òkè lọ́hùn-ún, ní ilẹ̀ Bàrùbá, ni ẹṣin tí Ọ̀yọ́ fi ń jagun ti ń wá, àwọn Bàrùbá mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi í ṣe fáàrí. Àwa wà láàárín wọn bí iṣu tó wà láàárín odó àti ọmọ odó.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ìlàrí, ìyẹn ìránṣẹ́ Aláàfin, gun abo ẹṣin funfun kan dé, ó fá ìdajì orí ara rẹ̀ kodoro bí àṣà àwọn ìlàrí. Kò tíì jókòó dáadáa tí ìránṣẹ́ ọba Bàrùbá fi gba ọ̀nà Tchatchou, ọ̀nà ilẹ̀ wọn, wọlé lórí akọ ẹṣin dúdú. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n gbé wá: ta ni Goro ń sìn? Ìlú kan nítòsí wa ti fún ìbéèrè yìí ní ìdáhùn tí kò yẹ rí. Koríko ló wà níbẹ̀ báyìí. Baálẹ̀, tí í ṣe bàbá ọkọ mi, fi ìlàrí sí ilé tó wà lápá òkè agboolé, ó fi Bàrùbá sí èyí tó wà lápá ìsàlẹ̀, ó ní wọn kò gbọdọ̀ fojú kan ara wọn. Gbogbo àárọ̀ ni mo fi ń gbé àwo iṣu sáré láàárín wọn, tí mò ń sọ fún olúkúlùkù pé baálẹ̀ ń kírun lọ́wọ́. Ó kírun títí, ìlàrí bi mí bóyá ó ń kírun ti ọdún tó ń bọ̀ mọ́ ọn ni.

Àwọn ènìyàn la rántí fi pamọ́, a gbàgbé ẹṣin. Akọ ẹṣin gbóòórùn abo, ó yán, ó já okùn, ó fo ọgbà, ó da ìkòkò òrí mi nù. Kí a tó pariwo, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní àárín agboolé, níṣojú àwọn arúgbó. Àwọn aṣojú ọba méjèèjì sáré jáde, wọ́n dúró, wọ́n ń wo ara wọn.

Baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó wúkọ́ débi pé kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn nawọ́ sí mi.

"Sọ fún Bàrùbá yìí," ni ìlàrí wí fún mi, ojú rẹ̀ pọ́n, "pé Ọ̀yọ́ ló ni Goro, òun náà yóò sì sìn wá láìpẹ́."

Mo yíjú sí Bàrùbá, mo ní ìlàrí ní olúwa òun kí olúwa rẹ̀, àti pé kó má bínú sí ìwà abo ẹṣin òun.

Ọkùnrin náà wò mí pẹ́. "Sọ fún olórí àbọ̀ yìí," ó fi èdè tirẹ̀ wí, "kó kúrò lórí ilẹ̀ wa kí n tó fá ìdajì tó kù."

Mo kúnlẹ̀ fún ìlàrí. "Ó ní ẹ ti di àna ara yín báyìí, Bàbá. Ó ní kí abo ẹṣin dúró sọ́dọ̀ wa ní Goro títí yóò fi bí, kí Ọ̀yọ́ àti Bàrùbá jọ máa wá kí ọmọ náà."

"Àna?" Ìlàrí fọwọ́ pa apá ibi tí irun wà lórí rẹ̀. Ó ronú. "Òótọ́ ni, a kì í bá àna jà." Ó bú sẹ́rìn-ín. Bàrùbá náà bú sẹ́rìn-ín. Ikọ́ baálẹ̀ sàn lójijì, ó sì fún ìlàrí ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wa kó gùn ún lọ sílé. Bó ṣe ń lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀.

Bàrùbá ló lọ kẹ́yìn. Ó tẹ̀ba sí mi láti orí ẹṣin, ó fi ohùn ará Ṣábẹ̀ tó mọ́ gaara sọ fún mi pé: "Ìyàwó, o kú ọgbọ́n. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi tajà ní Ṣábẹ̀."

Gbogbo rẹ̀ ló ti gbọ́!

Abo ẹṣin bí, àwọn aṣojú méjèèjì sì ń wá lóòótọ́, lọ́dọọdún, pẹ̀lú iyọ̀ àti ìlẹ̀kẹ̀, títí gbogbo wa fi darúgbó. Bí mo bá gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ọ̀kọ̀ nìkan ni ọba ńlá fi ń di ńlá, ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Ẹni tí ọba rán jìnnà sílé fẹ́ padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó lè gbé délé tí orí rẹ̀ kò fi ní kúrò lọ́rùn ló ń wá kiri. Mo fún àwọn méjì ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan gbà á gbọ́. Èkejì mọ̀ pé irọ́ ni, ó gbà á, ó sì dúpẹ́.