Àwọ̀tẹ́lẹ̀ Tí Bàbá Mi Wọ̀ Lọ Wo Àgbọ̀nrín

Dókítà ojú ní Berlin ò fi bò rárá. Ojú Bàbá mi ń ṣú láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín. Oògùn lè dá a dúró díẹ̀, àmọ́ èyí tó ti lọ ti lọ. Èyí tó kù fún wọn dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń yọjú wo ayé láti inú páìpù, páìpù náà sì ń tín-ín-rín sí i. Mo rọra túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, mo ti mú aṣọ ìnujú lọ́wọ́ sílẹ̀. Bàbá ò sunkún. Wọ́n ní, "Kí èyí tó kù tó lọ, jẹ́ kí n rí àgbọ̀nrín tiwọn níbí, èyí tí ìwo rẹ̀ yọ ẹ̀ka bí igi."

Ọdẹ ni Bàbá. Igbó Ìbarapa ni wọ́n ti lo ìgbà èwe àti ìgbà àgbà wọn, kí àìsàn ojú tó gbé àwọn àti Màmá wá sọ́dọ̀ mi ní Reinickendorf, ní Berlin. Ìyá òyìnbó kan ń gbé lókè wa, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ọdẹ lòun náà. Lọ́jọ́ kan ó gbé itan ìmàdò gun àtẹ̀gùn, Bàbá dá a dúró, wọ́n fi ìka tọ́ka ibi tí ọta gbà wọlé. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ò gbọ́ èdè ẹnì kejì.

Nígbà tí mo sọ ohun tí Bàbá ń fẹ́ fún un, ó ní kò burú, ká jọ lọ sí Hochsitz òun lóde ìlú, àga onípákó tí wọ́n kàn sórí òpó gíga kí ọdẹ lè gòkè jókòó sí. Àmọ́ bàbá arúgbó máa jókòó láìmira fún ìgbà pípẹ́ nínú òtútù tó ń sọ omi di òkúta, nítorí náà àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni ká kọ́kọ́ mójú tó. "Keine Baumwolle," ló wí. Òwú kankan ò gbọdọ̀ kan ara wọn.

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Aṣọ òwú tí wọ́n fi gbé Bàbá lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kí ló wá ṣe?

Àbúrò mi ọkùnrin ló là mí lójú. Ilé ìkẹ́rùsí aṣọ òtútù ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Billbrook, ní Hamburg, ó sì mọ ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ibẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá a. Kò bá mi jiyàn. Ó rẹ síńgílẹ́ẹ̀tì òwú kan sómi, ó rẹ aṣọ irun àgùntàn kan náà, ó fún méjèèjì, ó so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ọrùn ọwọ́ mi, ó ní ká jáde. Atẹ́gùn ń ti ọ̀nà odò bọ̀, ó ń ta èèyàn bí ata. A ò tíì dé ìkòríta tí ọwọ́ òwú fi kú mọ́ mi lára. Ọwọ́ kejì lọ́ wọ́ọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ omi ṣì ń kán lára rẹ̀! Mo dúró sáàárín ọ̀nà, mo ní, "Súbúhánalláhì."

Àbúrò mi ní, "Àǹtí mi, ṣé ẹ ti rí i? Na the sweat be wàhálà. Bí Bàbá bá wọ cotton gun àkàbà yẹn, wọ́n ti làágùn nìyẹn. Tí wọ́n bá wá jókòó báyìí, it's finished."

Ọdọọdún ni mò ń jẹ ẹran àgbò Iléyá, ó dùn lẹ́nu mi, n ò sì béèrè rí pé kí ni Ọlọ́run wọ̀ fún un tó fi ń sùn sínú òjò. Ojú tì mí díẹ̀, ẹnu sì yà mí gan-an. Nígbà tí a wọ ṣọ́ọ̀bù náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa aṣọ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Mo mú aṣọ irun àgùntàn fẹ́lẹ́ kan tó máa lẹ̀ mọ́ ara láìfún abíyá, mo mú èyí tó nípọn lé e, torí pé ìjókòó ni Bàbá fẹ́ jókòó, wọn ò ní rìn. Mo fọwọ́ wá ojú rírán nínú kó má baà ha wọ́n lára, mo rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ gùn kọjá ìbàdí. Mo ra tèmi náà, pupa, òdòdó kéékèèké yí ọrùn rẹ̀ ká. Èmi ni mo máa tẹ̀ lé wọn lọ, kò sì sí òfin tó ní kí obìnrin má rẹwà lábẹ́ kóòtù.

Nígbà tí Bàbá wọ tiwọn wò, wọ́n ní ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Nígbà tó ṣe, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà. "Àfi bíi pé ẹran náà ṣì ń mí nínú rẹ̀," ni wọ́n wí.

Màmá gbọ́ pé kòkòrò máa ń jẹ irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Nílé wa, aṣọ iyì kì í wọ àpótí láìsí káńfọ̀. Wọ́n ká a, wọ́n da káńfọ̀ tí wọ́n gbé ti ilé wá sí i, wọ́n dì í sínú ọ̀rá, wọ́n tì í sábẹ́ léèsì wọn. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ nínú ìyẹn?

Ní ìdájí Sátidé, ìyá òyìnbó ti wọ bàtà dé ẹnu ọ̀nà kí Màmá tó gbé aṣọ jáde. Òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Bàbá fọwọ́ bo imú.

"Ta ló ṣe mí báyìí?"

"Káńfọ̀ ni," Màmá ní. "Kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Kí ni mo ṣe?"

Ìyá òyìnbó mirí. Ẹranko á ti gbóòórùn wa ká tó bọ́ nínú ọkọ̀. Ó ní ká fi í sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. N ò túmọ̀ ìyẹn fún Bàbá. Inú bí mi sí Màmá débi pé mo fẹ́ kígbe, àfi bí mo ṣe rí ètè wọn tó ń gbọ̀n.

Mo wọlé, mo mú tèmi jáde. Ojú fèrèsé ló ti ń gba atẹ́gùn láti ọjọ́ tí mo ti fi omi lásán fọ̀ ọ́.

"Aṣọ obìnrin kẹ̀!" Màmá ké. "Ọdẹ ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ wọ igbó! Èèwọ̀ ni!"

Òótọ́ ni wọ́n sọ, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá gba aṣọ náà, wọ́n fi ìka tẹ àwọn òdòdó yẹn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké," ni wọ́n wí. "Ṣòkòtò rẹ̀ dà?"

Bí wọ́n ṣe jáde pẹ̀lú òdòdó lọ́rùn, tẹkúntẹkún ni Màmá bú sẹ́rìn-ín.

Òwú lèmi wọ̀ lọ. Mo làágùn lórí àkàbà, a sì jókòó tán ni òógùn náà di omi yìnyín sí mi lẹ́yìn. Mo di eyín, mo fi ọwọ́ di orúnkún mú kí pákó má baà mì. Bàbá jókòó ní tiwọn, ara wọn balẹ̀.

Ilẹ̀ wá mọ́. N ò rí irú rẹ̀ rí. Ìrì ti dì mọ́ gbogbo ẹ̀ka, gbogbo ewé, gbogbo koríko, ó funfun láti ilẹ̀ dé ọ̀run, ó sì dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ ìró ọkàn ara mi. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn, lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni akọ àgbọ̀nrín kan jáde lọ́wọ́ òsì wa. Ó ga ju ẹṣin lọ lójú mi. Èéfín ń jáde nímú rẹ̀, ìrì wà lórí ìwo rẹ̀. Ìyá òyìnbó ò fọwọ́ kan ìbọn.

Ọwọ́ ọ̀tún ni Bàbá ń wò.

Bí mo bá sọ̀rọ̀, ó ti lọ. Bí mo bá tọ́ka, wọn ò ní rí ọwọ́ mi. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọn ò sọ ohun tí ọmọ máa ṣe nígbà tó bá di orí àgbà. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di orí bàbá tó bí mi lọ́mọ mú, mo rọra yí i, díẹ̀, díẹ̀ sí i, títí èémí wọn fi dá dúró.

Wọ́n ti rí i.

Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ṣí fìlà. Ọba ìlú wa nìkan ni mo ti rí tí Bàbá ṣí fìlà fún. Mo ronú òtútù, mo fẹ́ gba fìlà kí n dé e padà fún wọn, àmọ́ wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn ò yí ojú kúrò lára ẹranko náà.

"Ní sùúrù," wọ́n sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Jẹ́ kí wọ́n kọjá ná."