Alimat àti Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Inú Ìgò

Ẹ wo ìwà ìrẹ́jẹ! Gbogbo ọjọ́ ayé Alimat ló fi sin ilé ọkọ rẹ̀ ní abúlé kan lẹ́bàá Erunmu, àfi bí ọkọ ṣe kú tán tí wọ́n sọ ọ́ di àlejò lóko tó fọwọ́ ara rẹ̀ ro. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, Ògúnbọ̀dé, ló wá di alágbára lórí ilẹ̀. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ nìkan ló gbà kí opó gbìn. Igi kọ́, torí ẹni tó bá gbin igi lè sọ lọ́la pé òun ló nilẹ̀.

Lọ́dún tó ṣáájú ìbò tí wọ́n fagi lé, àrùn kan ba ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbogbo àdúgbò jẹ́. Ewé á dúdú, á gbẹ, èso á wá tín-ín-rín bí ìka ọmọdé. Ni Ọmọ́ṣọlá, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí irúgbìn n'Íbàdàn, bá gbé àwọn ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wá fún Alimat. Inú ìgò ni wọ́n ti tọ́ wọn. Wọ́n gé kókó inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àrùn náà kì í mú, wọ́n gbé e sórí oúnjẹ tó dì bí ẹ̀kọ nínú ìgò. Bó ṣe ń hù ni wọ́n ń pín in, tó sì tún ń hù. Ọmọ́ṣọlá mú ìgò kan dání káyé rí i, ó sì fi í sílẹ̀ fún Alimat.

Ògúnbọ̀dé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìgò! Ẹ jẹ́ kó gbìn ín jàre. Ìyẹn kì í ṣe igi, eré ọmọdé ni." Níṣojú Baálẹ̀ Akínwándé ló ti sọ ọ́ o.

Alimat gbìn ín. Ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò wọ́n, ó ń pọnmi lódò, ó ń da ìgbẹ́ ewúrẹ́ sídìí wọn. Bó bá ń kọjá, àwọn obìnrin ilé á ní, "Ìyá ìgò, ṣé àwọn ọmọ ti mu ọmú?" Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúkú so! Ó so débi pé igi ló fi tì í kó má baà wó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá Ògúnbọ̀dé lóko pẹ̀lú àdá, àwọn oníṣòwò ọjà Ṣáṣá dúró tì í.

"Bàbá Jàmíù, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń kórè igi orí ilẹ̀ bàbá mi."

Subuhanallahi! Eré ọmọdé àná ti di igi! Inú bí Alimat. Ó sáré lọ bá Baálẹ̀. Baálẹ̀ tó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́sí, ilẹ̀ ló ń wò, ó ń họ orí. Ó ní onílẹ̀ ló ni ohun tó so, kí opó ṣe sùúrù, kó kó àwọn ọmọ ìdí rẹ̀. Ìdájọ́ rèé? Ojú ò tì wọ́n!

"Máa kó wọn," Ògúnbọ̀dé tó ti tẹ̀lé e débẹ̀ ní. "Ohun inú ìgò kì í so lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti gba tèmi."

Alimat ò bẹ̀bẹ̀. Ó gbé ọkọ́, ó hú gbogbo ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà tìdítìdí, kò ṣẹ́ ọ̀kan kù. Ó ń sunkún, ó ń ṣépè, ó ń hú u. Ó kó wọn sọ́kọ̀, ó dorí kọ Lálúpọn, sórí ilẹ̀ bàbá tó bí i lọ́mọ, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè pè é lálejò.

Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í rọ́pò rẹ̀. Kùkùté nìkan ló jẹrà mọ́ Ògúnbọ̀dé lọ́wọ́. Nígbà tó gbọ́ pé ti Lálúpọn ti ń so, ó wá, ó ká fìlà lọ́wọ́, ó ní kí ìyàwó àwọn fún òun lọ́mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àgbẹ̀ kì í sì í fi ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ du ẹni tó bá tọrọ.

Alimat kúnlẹ̀ kí i. Ó wọlé, ó gbé òfìfo ìgò Ọmọ́ṣọlá jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Bàbá Jàmíù, ẹ lọ gbin tiyín."