Ìjàpá Tó Kọjú Sí Ọ̀nà

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kúrò lọ́nà o!" Ohùn ìyá àgbà mi nìyẹn láàárọ̀, tó bá ti jókòó sínú mọ́tò Ìjàpá rẹ̀ ní agboolé wa ní Ṣakí. Á tú bíréèkì, ọkọ̀ á máa yí lọ fúnra rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àpáta iwájú ilé, á jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn á dáhùn, tàkàtàkàtàkà! Adìẹ á fọ́n ká, àwa á hó yèè. Òórùn epo bẹntiróòlù àti èlùbọ́ ni inú rẹ̀ máa ń rùn, torí èlùbọ́ ló fi ń kó láti Ìgbòho.

Tó bá ti dé, ojúkan náà ló ń gbé e sí, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, kí imú rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà. Ẹ ò gbọdọ̀ gbé e síbòmíràn. "Aboyún kì í dájọ́ fún èèyàn," ló máa ń wí. Kò sí aboyún àdúgbò wa tí ìrọbí mú tí Ìjàpá yẹn ò gbé dé ọsibítù.

Àbúrò bàbá mi ló ba nǹkan jẹ́. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí! Ó ní ọkọ̀ ìyá òun ń dójú ti òun, pé ó ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Ìyá àgbà lọ kí ẹni tó ṣọ̀fọ̀ ní Ìgbòho, kó tó dé, ọmọ yìí ti ta Ìjàpá fáwọn tó ń ra irin àlòkù, ó sì ti gbé Máíkírà tòkunbọ̀ sójú ibẹ̀. Mi ò ní purọ́, ọkọ̀ náà dára. Ilẹ̀kùn mẹ́rin, Ìjàpá ò ní ju méjì lọ. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, kì í pariwo, èèyàn ò ní máa já jíà kiri.

Ìyá àgbà yí i po. "Tí bátìrì bá kú ńkọ́?"

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbádùn ayé jàre!"

"Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ẹni jẹ," ni ìyá àgbà wí, ó wọlé lọ.

Bátìrì kú lóòótọ́. Ọ̀sán gangan lọ́jọ́ tí ìrọbí mú màmá mi ni. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ títí, ọkọ̀ ò dún. Ni àwọn ọkùnrin àdúgbò bá ṣe ohun tó ti mọ́ wọn lára, wọ́n tì í gba orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. "Ẹ tì í! Ẹ tì í!" Ó yí dé ìsàlẹ̀, ó dákẹ́. Wọ́n tì í gòkè padà, wọ́n tún tì í. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wọn pé ọkọ̀ tí ò ní kílọ́ọ̀ṣì, bí ẹ tì í dé Ìgbòho, kò ní jí. Màmá mi wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó ń ké. Kí wọ́n tó rí ọ̀kadà, ọmọ ti bọ́ sílẹ̀. Obìnrin ni. Kò ké rárá.

Ìyá àgbà ò sunkún. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "O ta ẹsẹ̀ àwọn aboyún, o fi ra ẹwà. Àsítàfúrúlái!" Kò wọ Máíkírà yẹn títí tó fi kú.

Èmi náà ti ń wakọ̀ báyìí, ní Ìsẹ́yìn. Ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì ni mo rà, ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni mo ń gbé e sí, mo sì ń jẹ́ kó kọjú sí ọ̀nà. Mẹkáníìkì mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò bàbá mi fi fọ́tò Ìjàpá kan tí wọ́n tún kùn ránṣẹ́ sí fóònù mi. Ó ní, "Ọkọ̀ gidi rèé! Irú ti ìyá wa. Ayé àtijọ́ mà dùn o."

Ayé àtijọ́ dùn! Àbúrò mi ì bá ti dàgbà tó ẹni tó ń wakọ̀ báyìí.